Kòsọ́kọ́: Ẹ̀bẹ̀ Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀sùn

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Ìbà ẹ̀yin ìyá, ìbà ẹ̀yin bàbá. Kí ìbà wa ṣẹ.

Ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ̀ṣe, ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí orúkọ àbíkú. Ìdí tí ẹ fi pè mí kò fara sin: Kòsọ́kọ́ ni orúkọ mi.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ṣé bàbá rẹ kò ní ọkọ́ ni?" Olùkọ́ wa ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní orúkọ ọba tó gorí ìtẹ́ ní Èkó ní ọdún 1845 ni mò ń jẹ́. Mo sáré lọ sọ ọ́ fún ìyá mi. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní: "Ọkọ́ tí wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ méjèèjì ni. A ní kò sí ọkọ́ mọ́."

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé mo ní ẹ̀gbọ́n. Ó wá yé mi ìdí tí ìyá mi fi ń jí lóru wá fọwọ́ kan àyà mi, àti ìdí tí wọ́n fi so ṣaworo mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ní kékeré. Bí mo bá ṣe àìgbọràn, àwọn kan a ní, "Ẹ má bá a wí, kí ó má baà lọ." Àwọn mìíràn a máa wò mí tìfuratìfura, bí ẹni pé èmi ni mo kú lẹ́ẹ̀mejì tí mo tún padà wá fi ìyá mi ṣẹ̀sín.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Rótìmí: òbí tó wà lórí ìkúnlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí a máa sọ wọ́n lọ́mọ, kí a sì fi ìfẹ́ sọ ìtàn wọn fún ẹni tó ń jẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí a má ka ikú sí ọmọ lọ́rùn, kí a má sì fi abẹ kan ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ òkú, ìbáà jẹ́ alààyè.

Àwọn àgbà ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Lára irú ikú bẹ́ẹ̀, àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde ló fa òmíràn. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu rẹ̀ nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń dá Ifá nítorí ìgbéyàwó, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú. Ìwádìí kò lòdì sí Ifá. Ìwádìí ni Ifá dídá fúnra rẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà, mo bi ìyá mi ní orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ó pè wọ́n fún mi, ó sì sunkún. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń ta omi sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, mo ń pe àwọn náà. Orúkọ tiwọn ni tiwọn. Ayé tèmi ni tèmi.

Ọkọ́ ń bẹ nílé mi lónìí. Ebè iṣu ni mo fi ń kọ.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.