Ẹ Jẹ́ Kí A Gbé Aláìsàn Wa Dé Ọ̀dọ̀ Jésù



Ìyìn Rere Máàkù Mímọ́, orí kejì, sọ fún wa nípa àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n gbé arọ tọ Jésù lọ. Èrò dí ọ̀nà. Wọ́n dá òrùlé lu. Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n láàrin wa, a máa ń wí fún aláìsàn pé, “A ó gbàdúrà fún ọ,” a kì í sì í dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà lẹ́bàá ẹní rẹ̀, kí a pọn omi fún un, kí a sì sìn ín dé ilé ìwòsàn.

Ọ̀pọ̀ ń sá fún òróró mímọ́, wọ́n ní òróró ikú ni. Bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 1963 ni Àpérò Vatican Kejì ti kọ́ wa pé kì í ṣe ẹni tí ó ń kú lọ nìkan ni sákírámẹ́ńtì yìí wà fún. Ẹ tètè pe àlùfáà, nígbà tí aláìsàn ṣì lè bá wa ṣe “Àmín”.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Kí Màríà Mímọ́, Ìlera àwọn Aláìsàn, bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.