Ilé-Ìwé Gíga Kì Í Ṣe Ilé Awo

Ọ̀rọ̀ ìlanilọ́yẹ̀ fún àwọn òbí, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́, lórí ẹ̀tọ́ tí ará ìlú ní láti mọ ohun tí ó wà nínú ìwé yunifásítì



Ó ṣòro lónìí láti rí agbo ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé gíga kò kàn. Bí ọmọ ilé kan kò bá sí ní yunifásítì, yóò wà ní pọlitẹ́kíníìkì tàbí ní ilé-ìwé àwọn olùkọ́ni. Bí kò bá sì sí níbẹ̀, ó ń dúró de ìwé ìgbaniwọlé. Bàbá ti ta kòkó, ìyá ti kó èsúsú, ẹ̀gbọ́n ti yá owó níbi iṣẹ́, kí ọmọ lè kàwé. Ohun tí ó ya ni lẹ́nu ni pé àwọn tí ó ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ kì í sábà béèrè ohunkóhun. Ẹni tí ó fẹ́ ra ewúrẹ́ lọ́jà a wo eyín rẹ̀, a wo ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì béèrè bóyá ó ti bí rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kì í béèrè bóyá àjọ tí ó yẹ ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ kọ́.

Ohun tí ó fà á ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbà pé ohun tí ó bá ti wọ inú fáìlì yunifásítì ti di awo, àti pé ẹni tí kì í bá ṣe ọ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ìgbàlẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, òfin orílẹ̀-èdè wa kò sì tì í lẹ́yìn.

Owó Ta Ni?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ẹni tí ó ni àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí. Ní ọdún 1948 ni a dá ti Ìbàdàn sílẹ̀, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ó sì di yunifásítì tí ó dá dúró ní ọdún 1962. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni ó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1961, nígbà tí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ jẹ́ òpó pàtàkì nínú ọrọ̀ ìjọba náà. Ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1962. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní ọdún 1975, a sì sọ ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú dá tiwọn sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Àgọ́-Ìwòyè ní ọdún 1982 àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1990. Títí di òní, owó ìjọba, owó orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san tí ó ń gba ọ̀dọ̀ TETFund kọjá, àti owó tí òbí ń san ni a fi ń gbé wọn ró. Nígbà tí ó jẹ́ pé owó ará ìlú ni a fi kọ́ ilé, tí owó ará ìlú sì ni a fi ń tọ́jú rẹ̀, kò yẹ kí a lé ará ìlú lẹ́nu ọ̀nà bí ó bá ní òun fẹ́ mọ ohun tí ó ń lọ nínú rẹ̀.

Ohun Tí Òfin Sọ

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí Òfin Òmìnira Ìròyìn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní FOI. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà. Láti ọdún 1999 ni àbá rẹ̀ ti ń wọlé tí ó ń jáde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kí ó tó dé, Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1962 ni ó wà lọ́kàn àwọn òṣìṣẹ́, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì mú kí púpọ̀ nínú wọn máa fi ìwé tí kò ní àṣírí kankan pamọ́.

Òfin tuntun yìí ní ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé tàbí ìròyìn tí ó wà ní ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba. Kò pọn dandan kí ẹni náà sọ ìdí tí ó fi fẹ́ ẹ. Láàárín ọjọ́ 7 tí lẹ́tà rẹ̀ bá dé ni kí wọ́n fún un ní èsì. Bí ìwé náà bá pọ̀ jọjọ, tàbí tí wọ́n bá ní láti bá ẹlòmíràn jíròrò kí wọ́n tó lè fún un, wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un.

Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ kan ń wí pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi òpin sí àríyànjiyàn náà ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà tí ó dá a pé òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀. Nítorí náà, yunifásítì ìpínlẹ̀ kò ní àwíjàre mọ́.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òbí Béèrè

Èkíní ni ìfọwọ́sí. Àjọ NUC ni ó ń yẹ ẹ̀kọ́ yunifásítì wò. Bí ẹ̀kọ́ kan bá yege, àjọ náà yóò fún un ní ìfọwọ́sí kíkún fún ọdún 5. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, wọn yóò fún un ní ti ọdún 2 kí ó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí tí kò bá yege kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Lẹ́tà ìpinnu yìí wà ní ọwọ́ yunifásítì. Ọmọ tí ó bá parí ẹ̀kọ́ tí kò ní ìfọwọ́sí kò ní lè lọ ṣe àgùnbánirọ̀, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn iṣẹ́ yóò sì tì mọ́ ọn lójú. Èyí ni pé lẹ́tà kan péré, tí òbí ìbá ti béèrè ní ọdún kìíní, ni ó dúró láàárín ọmọ rẹ̀ àti ọdún mẹ́rin tí ó ṣòfò.

Èkejì ni iye akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ẹ̀kọ́ òfin, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò ní iye tí ó yàn fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti rán lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin. Bí yunifásítì bá gba ọmọ ju iye náà lọ, àwọn tí ó ṣẹ́ kù yóò gba oyè tán, wọn yóò sì jókòó sílé. Ó tọ́ kí òbí béèrè iye tí a yàn fún wọn àti iye tí wọ́n gbà.

Ẹ̀kẹta ni owó. Òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí ilé-iṣẹ́ ìjọba fi àwọn ìwé kan síta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè: àlàyé lórí iṣẹ́ wọn, orúkọ, ipò àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn, àdéhùn iṣẹ́ àgbàṣe àti owó ìrànwọ́, àti ipò pẹ̀lú àdírẹ́sì ẹni tí a ó kọ lẹ́tà ìbéèrè sí. Bí a bá sọ pé a ń kọ́ ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, tí ọdún mẹ́ta kọjá tí a kò rí ju ìpìlẹ̀ lọ, ará ìlú lè béèrè ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà àti iye tí a ti san fún un.

Ohun Tí Wọ́n Lè Fi Pamọ́

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni òfin ṣí sílẹ̀. Èsì ìdánwò àti fáìlì ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí aládùúgbò lè lọ yẹ̀ wò. Ìbéèrè ìdánwò àti ìlànà tí a fi ń fún un ní máàkì wà lábẹ́ ààbò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìdánwò yóò di eré ọmọdé. Wọ́n lè kọ̀ láti fún ni ní ìwé tí olùkọ́ kọ fún iṣẹ́ kíláàsì àti fún ìwádìí rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín ilé-ìwé àti agbẹjọ́rò rẹ̀. Síbẹ̀, nínú púpọ̀ nínú ọ̀nà wọ̀nyí, òfin ní kí a gbé e lórí ìwọ̀n: bí àǹfààní tí gbogbo ènìyàn yóò rí níbẹ̀ bá tẹ̀wọ̀n ju ìpalára tí ó lè tibẹ̀ wá, kí a tú u síta.

Ti ọmọ tìkára rẹ̀ yàtọ̀. Òfin Ààbò Ìròyìn Ara-Ẹni ti ọdún 2023 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí a kọ pamọ́ nípa rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú sì wà nínú rẹ̀.

Bí A Ti Ń Béèrè

Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí a ti ń béèrè lè rìn títí kí ó má dé ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó kọ̀wé pé, “Ẹ sọ gbogbo bí ẹ ti ń náwó fún mi,” ti fún akọ̀wé ní àyè láti sọ pé ìbéèrè náà kò yé òun. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà kúrú, kí ó sì dá orúkọ ohun tí a fẹ́. Àpẹẹrẹ kan nìyí:

“Sí Akọ̀wé Àgbà Yunifásítì. Gẹ́gẹ́ bí Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011, mo ń béèrè ẹ̀dà lẹ́tà tí Àjọ NUC fi sọ ìpinnu rẹ̀ tí ó dé kẹ́yìn lórí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní yunifásítì yín. Mo sì ń béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tí àjọ náà fún yín láyè láti gbà sínú ẹ̀kọ́ náà.”

Kí a kọ ọjọ́ sí i, kí a ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí a sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tí a ó mú lọ sílé. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè rán ẹlòmíràn, tàbí kí ó lọ fi ẹnu sọ ọ́. Òṣìṣẹ́ tí ó bá gbọ́ ọ ni òfin ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Owó tí wọ́n lè gbà kò ju owó ṣíṣe ẹ̀dà ìwé àti títẹ̀ ẹ́ lọ.

Bí Wọ́n Bá Kọ̀

Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́ka sí apá òfin tí wọ́n dúró lé. Bí wọ́n bá dákẹ́ títí àkókò fi kọjá, òfin kà á sí pé wọ́n kọ̀ ni. Láàárín ọjọ́ 30, ẹni náà lè gba ilé-ẹjọ́ lọ. Níbẹ̀, ilé-ìwé ni yóò fi hàn pé òun ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Kì í ṣe ẹni tí ó béèrè ni yóò máa ṣàlàyé ara rẹ̀. Bí ó bá hàn pé wọ́n kọ̀ lọ́nà tí kò tọ́, owó ìtanràn náírà 500,000 ni. Òṣìṣẹ́ tí ó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tí ó yí i padà kí a má baà rí i, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún kan ni ó ń dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin tí fáìlì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe rí ẹni tí ó béèrè bí ọ̀tá. Òfin yìí dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí ó bá fi ọkàn rere fún ni ní ìwé, Òfin Àṣírí Ìjọba kò sì lè mú un. Ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì púpọ̀ kì í ṣe ìkà bí kò ṣe ìwé tí a kò tò dáadáa: a wá a tì, ojú ti akọ̀wé, ó sì yàn láti sọ pé àṣírí ni. Ẹ to ìwé yín, kí ìdáhùn lè rọrùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ará ìlú kò mọ ibi tí ìwé wà, òṣìṣẹ́ kò sì mọ wàhálà tí àìrí ìwé náà ń kó bá òbí.

Ẹ̀yin òbí, ìgbà ìgbaniwọlé kì í pẹ́ yí po. Kí owó kòkó àti owó èsúsú tó kúrò lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà ìbéèrè ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ 7 kò pọ̀ jù láti dúró nítorí ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin.