Igbó tí a jọ ṣọ́



Ọ̀rọ̀ igbó ni a fẹ́ sọ lónìí. Inú igbó ni àwọn ìyá wa ti ń ṣa èso tí wọ́n fi ń ṣe òrí. Ibẹ̀ ni a ti ń rí irú, igi ìdáná, egbòogi àti oyin. Bí igbó bá tán, kí ni a ó fi rọ́pò wọn?

Àwọn kan máa ń wí pé: “Igbó ìjọba ni. Bí n kò bá gé igi rẹ̀, ẹlòmíràn á gé e.” Ọ̀rọ̀ yìí ló ń pa igbó.

Ẹ wo igbó Tchaourou-Toui-Kilibo nítòsí wa. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ará abúlé tó yí i ká jọ ṣe ètò fún un: ibi tí a lè gé igi, ibi tí a lè dáko, ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Òfin igbó tó jáde ní oṣù Keje 1993 náà gbà kí ará abúlé bá ìjọba tọ́jú igbó.

Ẹ tún wo Pendjari, ní àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìjà ló wà tẹ́lẹ̀ láàárín ẹ̀ṣọ́ igbó àti ará abúlé. Nígbà tó yá, àwọn abúlé dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, AVIGREF ni wọ́n ń pè é. Nígbà náà, àwọn ọdẹ àlejò máa ń san owó kí wọ́n tó pa ẹran. Nínú sẹ́fà 100 tó bá wọlé nígbà náà, 30 jẹ́ ti abúlé. Wọ́n fi kọ́ iyàrá ilé ìwé, wọ́n fi gbẹ́ kànga. Àwọn kan tó ń fi òru dọdẹ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń ṣọ́ igbó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: owó abúlé lè bọ́ sí àpò ẹnì kan. Bí kò bá sí ẹni tó lè ka ìwé ìgbìmọ̀, ta ni yóò mọ iye tó wọlé? Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ìwé. Ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ iye ẹrù igi àti iye owó. Ẹ kà á sókè níwájú gbogbo ìlú. Ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí ẹ kò kà.

Ohun méjì wà tí a lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ má tiná bọ igbó láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Iná ìgbà náà ló ń pa ọmọ igi. Bí a bá ní láti sun koríko, kí á tètè sun ún nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Bí ẹ bá sì ń ṣán oko, ẹ dá igi òrí àti igi irú sí.

Igi kan kì í dá igbó ṣe, ẹnì kan kò sì lè dá igbó ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí á jọ ṣọ́ ọ, kí á lè jọ jẹ èrè rẹ̀.