Ọmọ Tó Mọ̀wé Náà Ń Fẹ́ Ìkẹ́

Ẹ̀yin òbí wa ní Ìkẹjà àti Agége, láti 1955 tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ níhìn-ín, a fẹ́ kí ọmọ wa mọ̀wé jù wá lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gba 92, ẹ jẹ́ ká yéé bi í pé, "Mẹ́jọ yòókù dà?"

Àwa olùkọ́ ti rí i: ọmọ tó ń ṣe ipò kìn-ín-ní lè máa dá sunkún lóru. Bí kò bá jẹun, tí kò sùn, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Bí ẹ bá ti iṣẹ́ òru dé, ẹ jókòó tì í, ẹ ní, "Ọmọ mi, kí ló dé?" Kí ẹ sì gbọ́ ọ tán. Bí kò bá rọ̀, ẹ mú un lọ rí dókítà.

A lè tún ìdánwò WAEC ṣe. A kò lè tún ọmọ rà. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra.