Ìdánwò Ìgbéga Lọ́wọ́ Àjèjì: Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́ Ìjọba láti Rí Ìwé Rẹ̀

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n kí ni ìdánwò bí kò ṣe ìwé tí ẹnì kan kọ tí ẹlòmíràn sì kà? Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kọ̀wé àti ẹni tí ó kà á sì ni iṣẹ́ wa nínú ẹ̀ka yìí.

Ilẹ̀ Íńdíà ni n óò ti mú àpẹẹrẹ, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti fojú hàn kedere láìpẹ́ yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn awakọ̀ ojú irin kan ní Mughalsarai, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, fẹ́ ṣe ìdánwò tí yóò sọ wọ́n di ọ̀gá tí ń bójú tó àwọn awakọ̀ yòókù. Ní òru tí ọjọ́ ìdánwò yóò fi mọ́, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí tí à ń pè ní CBI ká awakọ̀ 17 mọ́ pẹ̀lú ẹ̀dà ìbéèrè náà lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ 26 ni wọ́n mú, wọ́n sì rí owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 11 rupee gbà. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́pàá náà ti wí, ọ̀gá tí a ní kí ó ṣe ìbéèrè ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì fún awakọ̀ kan. Awakọ̀ yìí tú u sí èdè Híńdì, kí ó tó gba ọwọ́ akọ̀wé ọ́fíìsì dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣèdánwò. (Èmi kò tíì rí ibi tí iṣẹ́ ìtumọ̀ ti tètè rí òǹkàwé tó bẹ́ẹ̀ rí.) Ẹ kíyè sí i pé kò sí olè òde nínú ẹ̀sùn yìí. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ní ó ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá sì fi owó ra irú ipò bẹ́ẹ̀ ni yóò wá máa ṣe ìdájọ́ awakọ̀ tí a fẹ́ fa ọkọ̀ tí ó kún fún èrò lé lọ́wọ́.

Kò pẹ́ rárá tí àjọ Rélùwéè Íńdíà fi gba irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ẹkùn. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ tí ń gba òṣìṣẹ́ tuntun máa fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Ìgbésẹ̀ tí ó dára ni, ìmọ̀ àtijọ́ sì ni. Ní Ṣáínà, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ní ayé àwọn ọba Song, wọn a bo orúkọ aṣèdánwò mọ́lẹ̀, wọn a sì ní kí akọ̀wé da ìdáhùn rẹ̀ kọ, kí ẹni tí yóò fún un ní máàkì má baà dá ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ̀.

Ibí gan-an ni èrò mi ti yà kúrò lára ti àwọn tí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí bí ìdánwò bá ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Àjèjì kò mọ̀ mí, nítorí náà kò ní gbè mí, kò sì ní dìtẹ̀ mí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí àjèjì bá ṣe àṣìṣe, ta ni yóò rí i?

Ìdánwò JAMB kì í ṣe ti ìgbéga, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìbéèrè yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, èsì jáde. Ilé iṣẹ́ tí ó ń bá JAMB bójú tó ètò kọ̀ǹpútà kò fi àtúnṣe tí ó yẹ sí àwọn ẹ̀rọ kan, máàkì sì dàrú. Aṣèdánwò 379,997 ni ó kàn ní ibùdó 157: 206,610 nínú wọn wà ní Èkó, àwọn yòókù sì wà ní ìpínlẹ̀ márààrún ti gúúsù ìlà-oòrùn. Ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, jẹ́wọ́ níwájú àwọn oníròyìn, omi bọ́ lójú rẹ̀, wọ́n sì tún ìdánwò náà ṣe. Kí ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe? Àwọn ọmọ rí máàkì wọn, ó yà wọ́n lẹ́nu, àwọn àti òbí wọn sì pariwo.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kì í sábà ní àǹfààní yìí. Orúkọ ni ó máa ń wò lára pátákó: ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí kò bá sí, ó di ọdún mìíràn, ọdún tí ó lọ yẹn kò sì ní padà wá nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Àhesọ ni yóò wá dí àyè tí máàkì ì bá dí: wọ́n á ní ará ìlú ọ̀gá ni ó yege, wọ́n á ní owó ti lọ. Irọ́ pátápátá lè ni, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí kò fi ìwé hàn kò ní ohun tí yóò fi já a nírọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà náà sì lè jẹ́ irú àgbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Íńdíà dájọ́ pé aṣèdánwò ní ẹ̀tọ́ láti wo ìwé ìdáhùn rẹ̀ tí a ti fún ní máàkì, ṣùgbọ́n kí a fi orúkọ ẹni tí ó fún un ní máàkì pa mọ́. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ kan náà fa ẹ̀tọ́ yìí sẹ́yìn nínú ẹjọ́ tí ó kan ìdánwò iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ti ọdún 2011 ni mo fara mọ́.

Òfin ti wà nílẹ̀ wa náà. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 kò mọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba nìkan. Ó kan ilé iṣẹ́ àdáni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ ìlú tàbí tí ó ń ná owó ìlú. Kọngílá tí a bá gbé ìdánwò ìgbéga fún kò lè sọ pé aládàáni ni òun. Kò sì sí àṣírí ẹlòmíràn nínú ìwé tí èmi fúnra mi kọ. Òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ́ rí tirẹ̀ lè kọ lẹ́tà. Òfin kò ní kí ó sọ ìdí tí ó fi béèrè, ọjọ́ méje ni ó sì fún wọn láti fèsì.