Ewé Ń Jẹ́, Oògùn Ń Jẹ́

Ọ̀rọ̀ àgbo ni mo gbé wá, n kò sì wá láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àwọn tí ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ewé ní kò lágbára. Àwa tí a gbà pé ó lágbára ló yẹ kí a kọ́kọ́ bẹ̀rù ohun tí agbára náà lè ṣe bí ó bá bá oògùn òyìnbó pàdé nínú ara ẹnìkan.

Ẹ jẹ́ kí a mú ewúro. Omi rẹ̀ a máa mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn alátọ̀gbẹ fi ń mu ún. Iṣẹ́ kan náà ni glibenclamide tí dókítà ń kọ fún wọn ń ṣe. Bí ènìyàn bá lo oògùn yìí láàárọ̀, tí ó mu ife ewúro lé e, tí kò sì jẹun, ṣúgà lè já wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ó sì lè dákú. Ilé á ní ayé ló ṣe é! Bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà; bí kò bá lè gbé e mì, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Aáyù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ti inú ọbẹ̀ kọ́ ni mo ń wí, bí kò ṣe èyí tí a ń lọ̀ mu lójoojúmọ́ tàbí tí wọ́n ń tà ní oníhóró. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tó ń lo warfarin. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ dá a dúró, ó kéré tán ní ọjọ́ 7 ṣáájú.

Àsúnwọ̀n ń ṣí inú, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di ojoojúmọ́, yóò máa gbọ́n pòtásíọ̀mù, èròjà tí ọkàn fi ń lù déédéé, kúrò lára. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tí ń mú ni tọ̀ gan-an ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ máa ń béèrè èèwọ̀ ẹni kí ẹ tó já ewé. Ẹ fi oògùn tí ó ń lò kún èèwọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àgbo pamọ́ fún dókítà nítorí pé yóò bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹ dárúkọ ewé náà fún un, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.