Gustav Hertz: Láti Yunifásítì Dé Ilé-iṣẹ́



Gustav Hertz, onímọ̀ físíìsì ọmọ Jámánì, ni wọ́n bí ní Hamburg ní 1887. Heinrich Hertz, ẹni tó kọ́kọ́ fi ìdánwò hàn pé ìgbì rédíò wà, ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Orúkọ ìdílé wọn ni rédíò ṣì ń pè títí dòní, nígbà tó bá ń kéde megahertz.

Ní 1914, ní Berlin, Gustav àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, James Franck, ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọjá nínú ìgò tí oru mákúrì kún. Bí agbára ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò bá tíì tó ìwọ̀n kan, átọ́ọ̀mù mákúrì kì í gbà á. Bó bá ti pé, ó gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Àfi bí ẹni tí kì í ra gàrí ààbọ̀ kóńgò: kóńgò gbọ́dọ̀ kún. Ẹ jẹ́ ká tún un sọ: átọ́ọ̀mù kì í gba agbára díẹ̀díẹ̀. Ìdánwò yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel ti 1925 fún wọn.

Gustav kò jókòó sójú kan. Ó ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Philips ní Eindhoven láti 1920, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Halle, lẹ́yìn náà ní Berlin. Ìjọba Hitler kò fẹ́ ẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ Júù tó wà nínú rẹ̀. Ó fi yunifásítì sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Siemens sì gbà á ní 1935. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó lọ sí Soviet Union, ó ń ṣiṣẹ́ lórí yíya oríṣi uranium sọ́tọ̀ síra wọn. Ó padà sí Jámánì ní 1954, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Leipzig, ó fẹ̀yìn tì ní 1961, ó sì kú ní 1975.